Olè Inú Ilé Oyin: Àgbéyẹ̀wò Àfòpiná Alágbárí

Ẹni tó bá ti kó oyin rí, yálà nínú ihò ìrókò tàbí nínú àpótí tí wọ́n gbé sábẹ́ igi káṣú, mọ̀ pé oyin kì í fi ilé rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Kòkòrò tó bá ṣi ilé wọ̀, títa ni wọn yóò ta á pa. Síbẹ̀, àfòpiná kan wà tó ń wọlé tọ̀ wọ́n lóru, tó ń gun afárá lọ tààrà, tó ń ti ẹnu bọ oyin, tó ń mu àmuyó, tó sì ń gba ẹnu ọ̀nà tó bá wọlé jáde padà. Kì í sì ṣe kòkòrò kékeré tó lè yọ́ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n fura: bó bá na ìyẹ́ rẹ̀, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 13 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Ọgbọ́n wo ló ń dá? Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, wọn kò sì tíì fẹnu kò sójú kan.

Acherontia atropos ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1758. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí ìyẹ́ iwájú ti so mọ́ ara, àmì kan wà tó jọ agbárí òkú: ihò ojú méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rù. Ìdí nìyí tí n ó fi máa pè é ní àfòpiná alágbárí. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi, ẹ̀rù náà sì hàn nínú orúkọ tí wọ́n fún un. Acheron ni odò àwọn òkú nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Atropos ni obìnrin tó ń gé okùn ẹ̀mí ọmọ ènìyàn. Nígbà tí fíìmù The Silence of the Lambs jáde ní 1991, àfòpiná yìí ni wọ́n fi bo ẹnu obìnrin inú àwòrán ìpolówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò ọ̀hún kì í ta, kì í bu ènìyàn jẹ, kò ní oró kankan. Gbogbo ohun tó lè fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú kò ju ohùn tín-ń-rín kan lọ, tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó ń ya èmi lẹ́nu ju agbárí lọ ni ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ó wà káàkiri gúúsù Sàhárà, ó sì wà ní Nàìjíríà. Àlejò ni ní àríwá Yúróòpù. Ìgbà ooru ló ń fò dé ibẹ̀; bí òtútù bá dé, èyí tí kò bá padà lọ sí gúúsù kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹ́ àlejò yìí gan-an ni wọ́n ti náwó nára lé e lórí. Ní 2022, Myles Menz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n so ẹ̀rọ kíún tí kò tó gíráàmù kan mọ́ àfòpiná alágbárí 14, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Konstanz ní Jámánì, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfurufú kékeré tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lóru bí wọ́n ṣe forí lé gúúsù, lé àwọn òkè Alps. Wọ́n bá òmíràn rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì, àfòpiná kò yà kúrò lọ́nà. Iṣẹ́ tó wuyì ni. Ó kàn jẹ́ pé èyí tó ń gbé ní Áfíríkà láti January dé December, tó ń jẹ, tó ń bímọ, tó sì ń jalè nílé baba rẹ̀, kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e.

Bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ̀lé e, àríwá Èkìtì kì í ṣe ibi burúkú láti bẹ̀rẹ̀. Láti Ìdó àti Ùsì lọ sí Ọ̀yẹ́, kọjá Ìtàjí àti Ayédé dé Ìkọ̀lé, ibẹ̀ ni igbó dúdú ti ń fàyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀. Oko kékeré-kékeré ló pọ̀ níbẹ̀, igi ńláńlá tí ihò wà nínú rẹ̀ kò tíì tán, ẹ̀fọ́ sì ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ohun mẹ́ta tí àfòpiná yìí nílò pé síbẹ̀: ewé fún ọmọ rẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ tí ọmọ náà yóò wọ̀, àti oyin fún àgbà.

Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin jọ sójú kan. Ẹyọ kan lábẹ́ ewé yìí, ẹyọ kan lábẹ́ ewé tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ló ń pín in kiri. Ìdílé ìgbá ló ń wá: ìgbá fúnra rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìkan, ẹ̀fọ́ odù, tòmátì, tábà, ọ̀dùnkún òyìnbó. Bí kò bá rí wọn, ó lè yé sórí lantana olódòdó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbìn yí ilé ká. Ọmọ tó pa nínú ẹyin náà kéré, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti tó láti sọ ọ́ di kòkòrò jọ̀bọ̀tọ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 tàbí 13, tó sanra ju ìka ọwọ́ lọ. Òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ní àwọ̀ ìyeyè, òmíràn sì dà bí ilẹ̀. Ìlà dábùú-dábùú wà ní ìhà rẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe lórí, ìwo kan wà tó tẹ̀, tó sì rí gbàgungbàgun. Ìwo yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, bẹ́ẹ̀ kò lè gún ọmọdé.

Ẹni tó ń wá a kò gbọdọ̀ fi ewé ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti tewé ti di ọ̀kan. Ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ìgbẹ́ rẹ̀ tóbi, ó le, kòkòrò díẹ̀ lórí ìgbá ló ń yàgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá rí i nílẹ̀, kó gbójú sókè tààrà. Yóò rí ẹ̀ka tó ṣẹ́kù ní òfo, yóò sì rí ẹni tó jẹ ewé orí rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá fọwọ́ tọ́ ọ, yóò gbé iwájú ara rẹ̀ sókè, yóò sì máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta pàkà-pàkà.

Ṣé ó yẹ kí àgbẹ̀ fín oògùn sí i? Lójú tèmi, ìnáwó òfo ni. Kòkòrò tí ìyá rẹ̀ pín ẹyin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan káàkiri oko kì í sábà pọ̀ débi tí ọwọ́ kò fi ní lè ṣà á. Ẹni tó ń gbin ìgbá mọ̀ pé kòkòrò tó ń lu èso látinú ni ọ̀tá tòótọ́, kì í ṣe èyí tó ń jẹ ewé díẹ̀ lókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Eṣinṣin kan wà, Drino atropivora, tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ọmọ àfòpiná alágbárí, tó ń jẹ ẹ́ láti inú títí tó fi kú. Ẹni tó fín oògùn pa eṣinṣin náà mọ́ ọn ti lé ọlọ́dẹ ara rẹ̀ dànù.

Nígbà tó bá jẹun yó tán, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, á sọ̀ kalẹ̀, á wa ilẹ̀ wọ̀, ó sì lè jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ó ń mọ yàrá kékeré kan síbẹ̀, ó ń bọ́ awọ, á wá di ohun pọ́nrán tó le, tí kì í jẹ tí kì í mu, títí tí ìyẹ́ yóò fi hù níbẹ̀. Ọkọ́ àwọn tó ń kọ ebè lè hú u síta, adìẹ ni kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn rí i pẹ́. Àwọn tó ń wa ọ̀dùnkún òyìnbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ náà ń hú u bẹ́ẹ̀ nígbà ìkórè, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní nípa rẹ̀ níbẹ̀ sì ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wá.

Èyí tó bá jáde láyọ̀ yóò fò lóru, ìdí iná sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́kọ́ rí i: lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìṣọ́ òru, lábẹ́ iná sólà ẹ̀gbẹ́ títì. Àfòpiná tó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa, làwọn àgbà wí. Ní 2024, Samuel Fabian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àlàyé mìíràn jáde nínú Nature Communications. Wọ́n fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá ya kòkòrò nídìí iná, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń sáré wọ inú iná. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òfurufú ló ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ lóru. Kòkòrò tó bá kọ ẹ̀yìn sí ibi tó mọ́lẹ̀ mọ̀ pé òun kò dorí kodò. Iná wá dé, òfurufú di méjì fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn sọ pé ẹbí àfòpiná alágbárí kan, Daphnis nerii, kò ṣe bí àwọn yòókù. Ó lè fò gba orí iná kọjá láìyíjú. Nítorí náà ọ̀rọ̀ àfòpiná àti iná kò tíì parí nínú ìdílé yìí.

Ìdílé yìí kan náà ló yẹ kí a wò kí a tó wọ inú ilé oyin, nítorí ahọ́n ló bí olè jíjà. Àwọn ẹbí alágbárí ní ahọ́n gígùn tí wọ́n ń ká bí wọn kò bá lò ó. Èyí tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé ànàmọ́ lóko wa, Agrius convolvuli, ní ahọ́n tó gùn ju ara rẹ̀ lọ. Òmíràn tó ń jẹ́ Xanthopan morganii, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, ló kó sínú ọ̀rọ̀ Darwin. Ní 1862 Darwin rí òdòdó kan láti Madagásíkà tí ihò omi dídùn rẹ̀ jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29, ó sì ní àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ní 1867 Wallace, onímọ̀ ẹ̀dá bíi Darwin, tọ́ka sí Xanthopan tilẹ̀ Áfíríkà pé ahọ́n tirẹ̀ ti súnmọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn arìnrìn-àjò wá èyí tó kù lọ. Ní 1903 Rothschild àti Jordan fún ti Madagásíkà ní orúkọ, praedicta. Ó di 2021 kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé irú ọ̀tọ̀ ni. Kò pọn dandan kí a lọ sí Madagásíkà ká tó rí iṣẹ́ ahọ́n yìí. Ní Kẹ́ńyà, Dino Martins àti Steven Johnson fi hàn ní 2009 pé àwọn àfòpiná ìdílé yìí ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ ìbẹ́pẹ lọ fún abo lóru, Agrius inú ànàmọ́ sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ṣẹ́ ọrùn gbogbo kòkòrò oníwo tó rí lórí ànàmọ́ lè máa gé ìbẹ́pẹ tirẹ̀ kúrú.

Ahọ́n alágbárí ní tirẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ó ki, ó le, ṣóńṣó rẹ̀ mú. Òdòdó jíjìn kò ṣeé mu fún un. Ohun tí irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni kó gún ìda tí oyin fi dé ojú afárá, kó sì fa ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí oyin, ó lè mu oje igi tàbí omi èso tó ti rà.

François Huber, afọ́jú ará Switzerland tó fi ojú ìránṣẹ́ rẹ̀ wo oyin títí ayé fi ń ka ìwé rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìròyìn olè yìí dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó rí i pé ilé oyin kan lè fúyẹ́ lẹ́yìn tí àfòpiná ti ń wọ̀ ọ́. Ó tún rí ohun kan tó yẹ kó ti fòpin sí àsọdùn pé oyin kò mọ̀: àwọn oyin mìíràn mọ ìda àti oje igi dí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n fi ihò tóóró sílẹ̀ tí àwọn lè gbà, tí olè kò lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ja òun lólè kì í tún ilẹ̀kùn ṣe.

Nígbà náà, báwo ló ṣe ń wọlé níbi tí wọn kò bá dínà? Àwọn kan ní ohùn rẹ̀ ni. Nínú ilé oyin, ayaba tuntun máa ń dún, bó bá sì ti dún, àwọn òṣìṣẹ́ yóò dúró gbagidi. Wọ́n ní àfòpiná ń sín ohùn ayaba jẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè dì síbi tí wọ́n wà. Ìtàn tó dùn ni, òun ni ènìyàn sì máa ń bá nínú ìwé jù, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó dúró. Gunnar Brehm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò bí ohùn náà ṣe ń jáde ní 2015: afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń fà sọ́fun, ìbòjú kékeré kan ń gbọ̀n níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde ga lọ́nà púpọ̀ ju ti ayaba lọ, oyin kì í sì í gbọ́ ohùn gíga inú afẹ́fẹ́. Ìgbọ̀nrìrì afárá àti ohùn ìsàlẹ̀ ni tiwọn. Ẹni tó bá ti di alágbárí mú rí mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́ ló ń pariwo. Ó jọ ohun tí a fi ń lé ẹyẹ àti àdán sẹ́yìn ju ohun tí a fi ń tan oyin lọ.

Àwọn mìíràn ní àmì agbárí ló jọ ojú ayaba. Òkùnkùn biribiri ló wà nínú ilé oyin lóru. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni òórùn. Ní 1991, Moritz, Kirchner àti Crewe yẹ ohun tó wà lára awọ àfòpiná alágbárí wò. Wọ́n bá ásíìdì ọ̀rá mẹ́rin níbẹ̀ tó wà lára oyin náà, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà sì jọra. Òórùn ni oyin fi ń dá ọmọ ilé mọ̀. Ẹni tó bá ní òórùn ilé, ọmọ ilé ni. Àfòpiná yìí kò fara pamọ́ fún ẹ̀ṣọ́ rárá. Ó wọ aṣọ wọn. Awọ rẹ̀ tó nípọn sì tún wà níbẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ kan bá fura, oró oyin kì í sì í tètè pa á bí ó ti ń pa kòkòrò mìíràn. Mo gba àlàyé yìí ju àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ kò bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń sin oyin ti bá òkú alágbárí nínú àpótí, tí oyin fi oje igi dì ní gbogbo ara kó má bàa rà mọ́ wọn nílé. Aṣọ náà já mọ́ olè yẹn lára.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan Èkìtì nìyí. Oyin tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí kì í ṣe oyin tiwa. Apis mellifera adansonii ni tiwa. Latreille fún un ní orúkọ yìí ní 1804 láti bu ọlá fún Michel Adanson, tó kó o ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ó kéré ju ti Yúróòpù, inú rẹ̀ tètè ń ru, ó sì máa ń kó kúrò nílé bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́nu. Àríwá Yúróòpù ń rí àfòpiná yìí fún oṣù díẹ̀. Adansonii ti ń bá a gbé láti ayébáyé. Bí oyin kan bá wà láyé tó yẹ kó ti kọ́ bí a ti í dá aṣọ olè mọ̀, oyin wa ni. Bó bá sì jẹ́ pé àfòpiná yìí ṣì ń wọ ilé wọn, a jẹ́ pé òórùn náà lágbára ju bí àwọn tó wò ó ní Yúróòpù ti lérò lọ. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ìdáhùn tó bá ti ihò igi ní Ìkọ̀lé wá yóò níyì ju èyí tó ti àpótí Jámánì wá.

Ẹni tó ń sin oyin fún owó kò ní jókòó de ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn. Kó dín ẹnu ọ̀nà àpótí rẹ̀ kù sí ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 8: oyin yóò gbà á, alágbárí kò ní gbà á. Kó sì má ṣi ọ̀tá mú. Àfòpiná kan tó kéré, tó sì ní àwọ̀ eérú, Galleria mellonella, ló ń ba afárá jẹ́ gan-an, nítorí ọmọ tirẹ̀ ń jẹ ìda fúnra rẹ̀. Ilé oyin tí agbára rẹ̀ ti dín kù ni yóò kọlù. Kòkòrò dúdú kékeré tó ń sá kiri lábẹ́ ìdérí àpótí, Aethina tumida, náà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èyí tí wọ́n kó ní Kàlàbá àtijọ́ ni Murray fi kọ nípa rẹ̀ ní 1867, òní yìí sì ni àwọn olóyin Amẹ́ríkà ń sunkún rẹ̀. Alágbárí ń mu oyin díẹ̀, ó ń lọ. Àwọn méjì yìí ń gbé ilé.

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá kò nílò ọkọ̀ òfurufú. Kó bá àwọn tó ń kó oyin ṣọ̀rẹ́, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má da ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àpótí nù nígbà ìkórè. Kó tú u wò fún òkú àfòpiná, kó ka ibi tí wọ́n ti ta á, kó kọ oṣù tó rí i sílẹ̀, kó wo bóyá oje igi bo orí rẹ̀ ṣáájú tàbí ìyẹ́. Kó sì wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tí oyin fúnra wọn mọ dí nínú ihò igi tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe.